Ẹni Tó Mọ Oko, Tó sì Lè Kọ Kóòdù

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ igbó sọ ní Ẹ̀pẹ́ nìyí. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, àfi ibi tí iná ti lọ tí gbogbo wa pariwo.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níwájú, mo júbà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti ọjà ẹja wá, tí òórùn èéfín ṣì wà lára aṣọ yín, ẹ má bínú pé mo sọ ọ́, òórùn yẹn ló tọ́ mi dàgbà. Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, ẹ kú àlejò. Èkó Ẹ̀pẹ́, ẹ kú àlejò. Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ nílé pé mo kí apá kan ju èkejì lọ o! Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, tí ẹ rò pé n ò rí yín bí ẹ ṣe ń tẹ fóònù, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò jìnnà sí i.

Wọ́n ní kí n wá sọ bí ọmọ tó kàwé iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí iṣẹ́ igbó ṣe lè rí àyè ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní PhD. Wọ́n ní pàápàá jù lọ, àwọn àyè tí wọ́n ti ń kọ ọ́ gàdàgbà pé àfi ẹni tó bá lè kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí à ń kọ fún kọ̀ǹpútà kó lè ṣiṣẹ́ fún wa. Mo ní ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ bí wọ́n ṣe ń rí i, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe pàdánù ti àkọ́kọ́.

Àyè tí mo fi irọ́ pàdánù

Mo ti ṣe másítàsì tán nígbà náà. Mo rí ìpolówó àyè PhD kan lókè òkun, lórí bí igi ṣe ń dàgbà. Igi wọ́n ní? Mo mọ igi. Mo ti wọn igi nínú igbó ọba Ọmọ títí ẹ̀gún fi kọlà sí mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti bèèrè pé ṣé mo lè lo R, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kóòdù ìṣirò, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, dáadáa ni mo lè lò ó. Kí ni mo mọ̀ nípa R? Mo ti rí i lójú láptọ́ọ̀pù ọ̀gá mi rí. Lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n pè mí láti fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí ẹ̀rọ. Mo wọ kóòtù. Mo bẹ ará ilé pé kí wọ́n má lọ ata. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó ní: "A ti fi fáìlì kékeré kan ránṣẹ́ sí ọ. Jọ̀wọ́, jẹ́ ká rí ojú kọ̀ǹpútà rẹ. Ṣí fáìlì náà nínú R, kí o ya àwòrán tó fi gíga igi wé ìbú rẹ̀ fún wa." Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀yin èèyàn mi, òógùn bò mí. Mo ní íntánẹ́ẹ̀tì mi ń ṣe ségesège. Irọ́ ni. Íntánẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà dáa ju tòní lọ.

Wọn ò bú mi o. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì pa ẹ̀rọ wọn.

Ayé kéré. Nígbà tó yá, mo mọ ẹni tó gba àyè náà. Ó mọ kóòdù bí ẹní mowó, ṣùgbọ́n kò wọ igbó bíi tiwa rí láyé rẹ̀. Ọjọ́ kan ló kọ̀wé sí mi, ó ní kí n jọ̀wọ́ ṣàlàyé nǹkan kan fún òun, torí ìṣirò òun ń sọ pé arère kan báyìí tóbi ju ilé lọ. Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti wọn igi ọ̀hún. Ó ní ní ibi tí wọ́n ti ń wọn gbogbo igi, mítà 1.3 láti ilẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín. Arère tó ti dàgbà máa ń yọ gbòǹgbò bí ìyẹ́ apá sí ìdí, ó lè ga ju èèyàn lọ dáadáa. Òkè ìyẹ́ yẹn la ti ń wọ̀n ọ́n! Ọmọ kékeré tó bá ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sí sọ́ọ̀mù mọ èyí.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òun kò mọ igi, èmi kò mọ kóòdù. Ta ni wọ́n ń wá? Ẹni tó ní méjèèjì ni wọ́n ń wá. Ta ló sì sún mọ́ ọn jù? Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá sí Ẹ̀pẹ́ nìyẹn, mi ò ní òmíràn: kóòdù rọrùn láti kọ́ ju oko lọ. Ẹni tó mọ oko lè kọ́ kóòdù láàárín oṣù mẹ́fà débi tí kò ní fi ojú tì í. Ẹni tó mọ kóòdù kò lè fi oṣù mẹ́fà kọ́ ohun tí ẹ̀yin ti mọ̀ láti kékeré. Ìdajì tó ṣọ̀wọ́n ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin sì ń bẹ̀rù ìdajì tó pọ̀ lọ́jà.

Ohun àkọ́kọ́: inú oko ni ìṣirò ti wá

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ṣe ni kọ̀ǹpútà dédé já wọ inú oko, ẹ fetí sí mi.

Oko ìwádìí kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Rothamsted lorúkọ rẹ̀. Láti 1843 ni wọ́n ti ń dáko níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ajílẹ̀ tí wọ́n fi sí i, òjò tó rọ̀, wíìtì tí wọ́n kórè. Ọdún ń gorí ọdún, ìwé ń gorí ìwé, eruku ń gorí gbogbo rẹ̀. Ní 1919 wọ́n gba onímọ̀ ìṣirò kan síṣẹ́, Ronald Fisher, kó wá wo àwọn ìwé àtijọ́ náà bóyá nǹkan wà nínú wọn. Òun fúnra rẹ̀ fi iṣẹ́ ọ̀hún wé títú ààtàn. Ṣùgbọ́n inú ààtàn yẹn ló ti rí ọ̀nà tí a fi ń ya ohun tí ajílẹ̀ ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí òjò ṣe, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní ANOVA, tí ẹ fi ń sunkún tí ìdánwò bá ti dé.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. William Gosset tó ṣe t-test tí ẹ fi ń mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ láàárín nǹkan méjì kì í ṣe èèṣì, òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí Guinness ní Dublin ni. Ní 1908 ló gbé e jáde. Orúkọ "Student" ló fi bojú, torí ilé iṣẹ́ kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa fi orúkọ ara rẹ̀ gbé ìwádìí síta. Mo rí i pé àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ti mọ Guinness tipẹ́, ẹ ò mọ̀ pé ó ti bá yín ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Charles Henderson ní Cornell, Amẹ́ríkà: akọ màlúù tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fúnni ní wàrà púpọ̀ ló ń wá kiri tó fi la ọ̀nà ìṣirò tí àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò igi àti ẹ̀gẹ́ ń gbà títí dòní.

Kí ló wá yí padà? Pípọ̀ ni nǹkan pọ̀. Sátẹ́láìtì Landsat àkọ́kọ́ gòkè ní 1972, ní 2008 ni Amẹ́ríkà sì ní kí gbogbo ayé máa gba àwòrán rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2015 àwọn ará Yúróòpù gbé Sentinel-2 tiwọn sókè, èkejì rẹ̀ bá a ní 2017, ó sì di pé ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń kọjá lókè Ẹ̀pẹ́ yìí. Ojú kan nínú àwòrán náà jẹ́ mítà 10 sí mítà 10. Ẹ bá mi ṣírò o. Hẹ́kítà kan gba ojú 100. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ìyẹn nǹkan bí ìgbà 73 lọ́dún: ojú 7,300. Ojú kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ mẹ́rin tó hàn kedere bẹ́ẹ̀: 29,200. Hẹ́kítà kan ṣoṣo, ọdún kan ṣoṣo! Igbó ọba Ọmọ, tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti 1925, tí erin ṣì ń rìn nínú rẹ̀, ó lé ní hẹ́kítà 130,000. Ta ni yóò fi ọwọ́ kà á? Ta ni yóò fi Excel kà á?

Igbó nìkan kọ́. IITA, ilé ìwádìí irè oko tó ti wà ní Ìbàdàn láti 1967, wà lára àwọn tó ń ka jíìnì inú ẹ̀gẹ́ láti mọ èyí tí yóò ta dáadáa kí wọ́n tó gbìn ín dé oko. Nǹkan tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo lè kún kọ̀ǹpútà yín. Ẹ tún wo kòkó. Yúróòpù ṣe òfin kan ní 2023 pé kòkó tí wọ́n bá gbìn sórí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n òfin wà nílẹ̀: oko tó bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, àfi kí wọ́n ya ààlà rẹ̀ yípo lórí máàpù. Àwọn baba wa ní oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kó má ní ààlà. Ààlà yẹn ti di iṣẹ́ kóòdù báyìí, ẹni tó sì mọ bí kòkó ṣe ń fara pamọ́ sábẹ́ igi ńlá, tí àwòrán òkè á fi máa pe oko ní igbó, iṣẹ́ wà fún un.

Ohun kejì: ẹni tó ń yan ẹja ti kọ kóòdù rí

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń yan ẹja. Màmá Ẹlẹ́ja ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bó ṣe ń kọ́ mi nìyí: "To ẹja sórí ààrò. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti gbẹ, yí i. Bí kò bá tíì gbẹ, fi í sílẹ̀, ko iná sí i. Padà lọ wò ó. Máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, kó o sínú agbọ̀n."

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Bí èyí bá rí báyìí, ṣe tọ̀hún. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ṣe tibí. Padà, tún un ṣe, títí yóò fi parí. Kóòdù ni Màmá Ẹlẹ́ja ń kọ yẹn. Ẹ̀rọ tí kò gbọ́ Yorùbá nìkan ló yàtọ̀, ẹ máa kọ ọ́ sí i ní èdè tirẹ̀. Ó sì ya ọ̀lẹ ju ọmọ ọ̀dọ̀ lọ: ohun tí ẹ kò bá sọ fún un, kò ní ṣe é. Bí ẹ bá gbàgbé láti ní kó yí ẹja, ẹja á jó.

Èdè méjì ni ìpolówó PhD sábà máa ń dárúkọ: R àti Python. R, àwọn olùkọ́ méjì ní yunifásítì Auckland nílẹ̀ New Zealand, Ross Ihaka àti Robert Gentleman, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ará Netherlands kan, Guido van Rossum, ló gbé Python jáde ní 1991. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Èwo ni kí ẹ kọ́? Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ wíwọn igi, oko àyẹ̀wò, ẹran ọ̀sìn, ẹ kọ́ R. Bó bá jẹ́ àwòrán sátẹ́láìtì tàbí fọ́tò ewé tó ń ṣàìsàn, Python á wúlò jù. Ẹ má fi oṣù mẹ́ta jiyàn lórí ẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan.

Ẹ má sì sọ fún mi pé dátà wọ́n. Dátà méjì ló wà lẹ́nu wa báyìí, èyí tí à ń rà sórí fóònù àti èyí tí à ń kó nínú oko. Èyí tí à ń rà máa ń tán. R kò nílò rẹ̀ lójoojúmọ́: ẹ gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gba àwọn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ The Carpentries, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ni ní kóòdù, sílẹ̀ pẹ̀lú, ẹ lè wà ní Èjìnrìn níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Iná tó ń lọ ni mi ò ní oògùn ẹ̀.

Kí ni wọ́n wá ń bèèrè gan-an tí wọ́n bá ní kí ẹ mọ kóòdù? Wọn ò retí kí ẹ ṣe Facebook mìíràn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè gba fáìlì tó rí wúruwùru wọlé, kí ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ bi í ní ìbéèrè, kí ẹ ya àwòrán ìdáhùn rẹ̀. Wọ́n sì fẹ́ kí ẹlòmíràn lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ láìpè yín lórí fóònù. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni Excel kò lè ṣe fún yín, torí títẹ̀ tí ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kì í fi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtìjú mìíràn fún yín. Fún másítàsì mi, èmi àti ẹnì kejì mi wọn igi tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Mo fi Excel ṣírò kábọ́ònù inú wọn. Ó pọ̀ gan-an, inú mi dùn, mo kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n bá mi yọ̀. Lẹ́yìn tí mo ti mọ kóòdù díẹ̀, mo tún fáìlì náà ṣí fún eré lásán. Ìlà kan péré ni mo kọ: to igi wọ̀nyí láti orí èyí tó tóbi jù. Mẹ̀línà kan bá yọ sókè, ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 324. Mẹ̀línà wo ló tó bẹ́ẹ̀ yẹn láyé? 32.4 ni. Àmì bíńtín ló fò mí. Ẹ sì mọ̀ pé nínú ìṣirò ìwúwo igi, ìbú la máa ń sọ di ìlọ́po ara rẹ̀. Igi tí ìbú rẹ̀ bá fi ìlọ́po mẹ́wàá pọ̀ sí i láìṣe pé ó ga sí i, ìwúwo rẹ̀ á tó nǹkan bí ìlọ́po 90. Igi kan ti di igi 90 lọ́wọ́ mi, mo sì gba oyè lé e lórí.

Ẹnì kan ń juwọ́ lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ó ní ChatGPT lè bá òun kọ kóòdù. Òótọ́ ni, àbúrò. Á kọ ọ́, nígbà mìíràn á dáa ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí o ṣí ojú kọ̀ǹpútà rẹ, ìwọ ni wọ́n máa bi pé kí nìdí tí ìlà kejìlá fi wà níbẹ̀.

Ohun kẹta: sátẹ́láìtì kò mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé

Àdúrà wa ni pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ní 1984, ewéko kẹta wọlé tí kò sí nínú àdúrà, èyí tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ojú omi ló gbà láti apá Porto Novo wọ Badagry, kò sì pẹ́ kò jìnnà, ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀yin apẹja tí ẹ wà níbí, mi ò ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ẹ mọ àárọ̀ tí ẹ bá jí tí ọkọ̀ kò lè kúrò ní èbúté. Ẹ sì mọ ohun tó ń pa á: ní àsìkò òjò, omi dídùn ń ṣàn wá, ó ń rú, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí iyọ̀ òkun wọ inú ọ̀sà, ó ń kú.

Báwo ni sátẹ́láìtì ṣe ń mọ oko? Ewé tó yè máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, ó sì máa ń da irú ìmọ́lẹ̀ mìíràn tí ojú wa kò rí padà sókè. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì la fi ń ṣírò bí ibì kan ṣe tutù yọ̀yọ̀ tó. Ó dáa. Ewéko àlejò yìí ńkọ́? Ó ní ewé, ó yè, ó tutù yọ̀yọ̀. Mo ti rí máàpù kan tí wọ́n ṣe lókè òkun, tí apá kan ọ̀sà wa di oko ní oṣù Kẹsàn-án, tó tún padà di omi ní oṣù Kejì. Oko gbéra, oko lọ sílé! Ẹni tó ṣe é kò ya òmùgọ̀ o, kóòdù rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Kò mọ Ẹ̀pẹ́ ni.

Irú rẹ̀ pọ̀. Ẹ gba àwòrán Ẹ̀pẹ́ ti oṣù Keje wò, kùrukùru funfun ni ẹ máa rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ ibí kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹ̀rọ, á lọ wá Sentinel-1, èyí tó gòkè ní 2014, tí kì í fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn wòran, tí kùrukùru kò sì lè dí i lójú. Ẹ ò nílò kọ̀ǹpútà olówó gọbọi fún èyí. Google Earth Engine ń jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe ìwádìí lo ẹ̀rọ tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́; láptọ́ọ̀pù tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ti ń yọ lè ṣe é.

Níbo ni àwọn àyè náà wà?

Màá yára níbí, torí ìpolówó ń yí padà, ẹ̀yin náà sì lè wá a.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ní àwọn ilẹ̀ kan, PhD kì í ṣe ilé ìwé tí èèyàn ń sanwó fún, iṣẹ́ ni. Sweden, Norway, Denmark, Netherlands, Jámánì: wọ́n á polówó rẹ̀ bí ẹní ń wá òṣìṣẹ́, ẹ ó kọ̀wé síṣẹ́, wọn á máa san owó oṣù. Ní Sweden, ọdún mẹ́rin ni, kò sí owó ilé ìwé. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wọn, SLU, ní ẹ̀ka igbó tó lágbára ní Umeå. Norway ní NMBU ní Ås. Wageningen wà ní Netherlands. Jámánì ní Göttingen, Freiburg, àti Tharandt tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ igbó láti 1811. Finland ní Joensuu àti Helsinki. Igi ni oúnjẹ wọn lọ́hùn-ún.

Yúróòpù tún ní àwọn àyè tí wọ́n ń pè ní Marie Skłodowska-Curie. Òfin wọn kan ń ṣe wá lóore: ẹni tó bá ti gbé ní ilẹ̀ tó fẹ́ lọ ju oṣù 12 lọ láàárín oṣù 36 tó kọjá kò lè gbà á níbẹ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí kò tíì kúrò ní Ẹ̀pẹ́ rí, gbogbo ilẹ̀kùn wọn ló ṣí sílẹ̀ fún un. Àìrìnrìn àjò ti di èrè!

Amẹ́ríkà yàtọ̀. Níbẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Bó bá ní owó ìwádìí, á gbà yín ṣe igbákejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, owó ilé ìwé á kúrò lọ́rùn yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ irú lẹ́tà tí mo ń rí, pé ẹ jẹ́ akíkanjú, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run, kí wọ́n ṣàánú yín. Ẹ kọ ìbéèrè kan tí iṣẹ́ rẹ̀ mú wá sí yín lọ́kàn, kí ẹ so ibi tí kóòdù yín wà mọ́ ọn. Ìpínrọ̀ mẹ́ta tó.

Kì í sì í ṣe dandan kí ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú. WASCAL, àjọ ìwádìí ojú ọjọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí Jámánì ń náwó sí, ní ẹ̀ka PhD lórí ojú ọjọ́ ní yunifásítì FUTA, Àkúrẹ́. WACCI, ilé ẹ̀kọ́ ìmú-irúgbìn-dára, wà ní yunifásítì Legon, Ghana, láti 2007, fún àwọn tó fẹ́ máa mú irúgbìn tuntun jáde. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Abẹ́òkúta, FRIN tó ń ṣe ìwádìí igbó àti IITA wà ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá jáde ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ á jẹ ọ̀sán níbẹ̀, bí gosiló bá gbà.

Ẹ tún ka ìpolówó dáadáa. Ohun tí wọ́n ní ó jẹ́ dandan yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ní yóò dùn mọ́ àwọn. Mo mọ àwọn ọmọ wa tó jẹ́ pé nítorí ohun kan lára ìkejì tí wọn kò ní, wọn ò kọ̀wé rárá. Ìwọ kọ ọ́, jẹ́ kí àwọn ni wọ́n ní rárá. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ mú owó wá kí òun lè fún yín ní àyè PhD, gbájúẹ̀ ni. Owó fọ́ọ̀mù wà ní Amẹ́ríkà lóòótọ́, ilé ìwé fúnra rẹ̀ ló ń gbà á, tí ẹ bá sì bẹ̀ wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn máa ń yọ̀ǹda rẹ̀.

Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀

Àwọn kan á ní kí ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí mẹ́wàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi ò gbà. Mo ti rí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí mẹ́rìnlá tí kò lè ṣí fáìlì òjò. Ẹ mú ìbéèrè kan láti ilé yín, ọ̀kan ṣoṣo tó ń yọ yín lẹ́nu, kí ẹ fi kóòdù dáhùn rẹ̀. Ibi tí ẹ bá há sí, ẹ kọ́ ohun tó máa yọ yín níbẹ̀, kí ẹ tẹ̀síwájú.

Ẹ ó ní: ìbéèrè wo? Níbo la ti máa rí dátà?

Ẹ wò ó. [Mo gbé ìwé mẹ́ta sókè níbí.] Màmá Ẹlẹ́ja tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wà níjókòó níwájú yìí, wọn kò fẹ́ kí n nawọ́ sí wọn, mi ò ní nawọ́. Ìwé ìnáwó wọn nìyí, láti 1996. Ọjọ́ ọjà. Iye agbọ̀n. Obókún mélòó, ẹ̀pìyà mélòó, àrọ̀ mélòó. Iye tí wọ́n tà á. Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ ìwé: ibi tí ẹ bá ti rí "ewé", ọjọ́ tí ewéko àlejò dí èbúté nìyẹn tí ẹja kò wọlé. Ibi tí ẹ bá ti rí "iyọ̀", ọjọ́ tí omi yí padà nìyẹn. Wọ́n ń kọ ọ́ kí wọ́n lè mọ ìgbà tí wọ́n máa yáwó àti ìgbà tí wọn ò ní yá a. Wọn ò mọ̀ pé àwòrán Landsat kò pọ̀ rárá ní ẹkùn wa láàárín àwọn ọdún yẹn, pé ibi tí sátẹ́láìtì ti fojú fo wá, àwọn ni wọ́n ríran.

Mo ka ojú ewé rẹ̀, ó jẹ́ 412. Kò sí èyí tó ti wọ kọ̀ǹpútà rí. Wọ́n ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa, wọ́n ní kí omi má kàn án, kí ẹ sì dá a padà kí ọjà ọjọ́ márùn-ún tó ń bọ̀ tó pé.

Láptọ́ọ̀pù mi ti wà ní títàn lórí tábìlì yìí, bátìrì rẹ̀ ṣì kù wákàtí méjì. Ta ló máa kọ́kọ́ wá tẹ ojú ewé kìíní?